Má Já Àpótí Náà Kí Ọjọ́ Àbámẹ́ta Tó Kọjá

Ọmọ mi àgbà,

Mo kí ọ o. Mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ rẹ tí wọ́n máa ń ju ọwọ́ sí mi nínú fóònù bí ẹni ń lé eṣinṣin. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àtijáde yín àti àtiwọlé yín. Kí ojú ọ̀gá rẹ má ṣe le sí ọ. Kí Ó sì fi ọgbọ́n kún ọgbọ́n rẹ, nítorí èyí tí o kó bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ gíga, n kò tíì rí i pé ó tó ọ ná. Bí o bá ń bèèrè èmi náà, orúnkún mi ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì ti wọṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì ní pẹ́ gba òmìnira. Orùlé kò jò. Ajá aládùúgbò tí ó máa ń gbó mọ́ mi ti kú, n kò sì bá wọn kẹ́dùn.

Tísà àtijọ́ tí ó ń gbé òdìkejì ọ̀nà ni ó ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe wí i ni kí ó kọ ọ́, kí ó má fi oyin sí i. Mo mọ̀ pé ìwọ ìbá fẹ́ kí n pè ọ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, gbólóhùn kejì kò tíì jáde lẹ́nu mi tí wàá fi sọ pé Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo wà nípàdé, mò ń pè yín padà. Ìpè náà kì í padà. Ìwé ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ nítorí pé ìwé kò ní ibi tí a ti ń tẹ̀ ẹ́ pa.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ìyàwó àbúrò rẹ awakọ̀ tírélà gbé fóònù rẹ̀ sí mi létí, ó ní ohùn rẹ ló wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ. O ní wọ́n sọ fún ọ pé mo ti sọ àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì tí o rà fún ilé di ẹrù ara mi, pé mò ń fi òrùka irin halẹ̀ mọ́ ènìyàn, pé mò ń fọn fèrè láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí. O ní géèmù ọmọdé ló dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé àgbà. O ní bí oṣù bá ti parí lọ́jọ́ Ẹtì, o kò ní sanwó rẹ̀ mọ́, wọn yóò já a, ilé á sì rójú. Mo ní kí ìyàwó tún un tẹ̀. Ó ní Bàbá, ohun tí ó sọ lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò tún sọ. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, nítorí bí o bá dúró níwájú mi, o máa ń yí i padà.

Má já a. Mo fi í ṣáájú kí ìpàdé má baà gbé ọ lọ kí o tó kà á débẹ̀. Bí oṣù bá parí lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni a ní ìlò àpótí náà ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ó bá wù ọ́, wá já a, kí o sì já òpó iná mọ́ ọn.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ, nítorí ẹni tó ròyìn fún ọ, ẹkún ni ó fi ń sọ̀rọ̀, ẹkún kì í sì í ka nǹkan lẹ́sẹẹsẹ.

Nígbà tí o rán ọkùnrin kan wá láti gbé àpótí náà kalẹ̀, ẹ̀yìn táńkì omi ní igun ilé ìdáná ni ó gbé e sí, nítorí ibẹ̀ ni ihò iná wà, kò sì fẹ́ wá wáyà gígùn. Àpótí náà ní ìwo mẹ́rin, ó ní iná wẹ́wẹ́ níwájú. Mo bi í léèrè pé níbo ni òdìkejì ọ̀nà náà já sí. Ó ní kò já síbì kan, ó wà káàkiri. Mo ní ọ̀nà tí ó wà káàkiri, ta wá ni aṣọ́bodè rẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wà nínú mi títí di òní. Bó ṣe lọ tán ni ìyàwó àbúrò rẹ mú aṣọ tábìlì oníṣẹ́ ọnà, ó fi bo àpótí náà mọ́lẹ̀, ó ní kí eruku má baà kó sí i. Àpótí wá jókòó sẹ́yìn táńkì bí ìyàwó tí ojú ń tì.

Àbúrò rẹ tí a bí kẹ́yìn, èyí tí ìyàwó ilé ń pè ní Eyínfúnjowó, tí kì í sì í fi eyín náà han ẹnikẹ́ni, ni ó ní kọ̀ǹpútà nínú ilé. Owó aṣọ tí ó ń rán fún àwọn ènìyàn ni ó kó jọ tí ó fi rà á ní àlòkù. Bí ó bá ti kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, yóò de nǹkan dúdú kan sí etí, yóò sì máa fi ìka gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn tí kò mọ̀ rí. Bí mo bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà, màá yínmú. Mo ní ọmọ ogún ọdún, ìka ni ó fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ wà nílẹ̀ lásán. Kò dá mi lóhùn. O mọ̀ ọ́n, kì í dá ènìyàn lóhùn.

Ìgbà tí ó ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tí ó ń kígbe pé ó ń fà. Mo wọlé, mo ní kí ló ń fà? Ó ní bí òun bá tẹ̀ ẹ́ pé kí ọmọkùnrin inú ẹ̀rọ gbá bọ́ọ̀lù, ọmọkùnrin náà á dúró díẹ̀ kí ó tó gbá a, kí ó sì tó gbá a, ẹlòmíràn á ti gba bọ́ọ̀lù lọ. Mo ní ìdúró náà tó ìgbà wo? Ó ní bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ó mú ọ̀ọ́dúnrún nínú rẹ̀. Mo pòṣé. Mo ní mo ti dúró de ọkọ̀ ojú irin láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, nígbà tó dé, àwọn èrò inú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ kí mi, a jọ bú awakọ̀, ó parí. Ìwọ, ìṣẹ́jú kan tí ojú kò tíì ṣẹ́ tán ni ó ń pa ọ́. Ó fi ìka hàn mí, nọ́ńbà kan wà ní kọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ náà. Ó ní bí ó bá jẹ́ ogún tàbí ọgbọ̀n, eré á lọ geerege. Bí ó bá ti di ọ̀ọ́dúnrún, òun ti kú. Mo ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, àìsàn àti àna nìkan ni mo mọ̀ tí kíkéré wọn dára ju púpọ̀ lọ. N kò mọ̀ pé ẹ ti fi nọ́ńbà kún un.

Ṣùgbọ́n n kò ní iṣẹ́ mìíràn, orúnkún kò jẹ́ kí n rìn jìnnà. Mo gbé àga sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo ń wo nọ́ńbà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wò ó. Bí onígbàjámọ̀ tí ó háyà yàrá iwájú bá ti tan ẹ̀rọ rẹ̀ kí àwọn oníbàárà máa wo fídíò, nọ́ńbà á gòkè. Mo lọ wò ó níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà àpótí wa ni ó fi ọ̀dà kọ gàdàgbà sára dígí, kí olúkúlùkù tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀. Ènìyàn mẹ́sàn-án jókòó, ọ̀kan ṣoṣo ni abẹ wà lórí rẹ̀. Apárí kan wà nínú wọn tí ó ń wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Mo bi onígbàjámọ̀ pé kí ni ó ń gé fún un. Ó ní Bàbá, ọ̀rẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni. Ní ẹ̀yìn ilé ẹ̀wẹ̀, ìyàwó àbúrò rẹ wà pẹ̀lú eré orí fóònù tí apá rẹ̀ tó ọ̀ọ́dúnrún, ó ń sunkún fún àwọn tí kò mọ̀ pé ó wà láyé. Àwọn fóònù tí wọ́n jù sórí tábìlì náà kò jókòó lásán. Wọ́n ní wọ́n ń tún ara wọn ṣe. Fóònù tí kò ṣàìsàn, tí ẹnikẹ́ni kò gbé lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe, ó ń tún ara rẹ̀ ṣe ní ọ̀sán gangan, ó sì ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì onílé ṣe é.

Ó yé mi. Ọmọ, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró nídìí ojú irin kan ṣoṣo, o kò bèèrè lọ́wọ́ mi rí pé kí ni mo ń ṣe níbẹ̀. Àárín ibùdó méjì, ọ̀nà kan ló wà. Ọkọ̀ méjì kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ pọ̀, bí wọ́n bá wọ̀ ọ́ pọ̀, òkú ni a máa kó. Nítorí náà òrùka irin kan wà tí ó tóbi tó láti fi kọ́ apá. Awakọ̀ tí òrùka bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò wọ ọ̀nà. Tí ó bá dé òpin, yóò nà án sí mi, èmi yóò nà án sí ẹni tó ń dúró láti lọ. Ọ̀gá pátápátá ìbáà jókòó nínú ọkọ̀, bí kò bá sí òrùka, yóò máa wo ojú mi. Kò gba ìwé kíkà láti mọ ìyẹn.

Mo pe gbogbo wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo mú òrùka irin ara àgbá tó ti fọ́, mo ní láti òní lọ, ẹni tí èyí kò bá sí lápá rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì. Onígbàjámọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, kì í ṣe rélùwéè, ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè wọ̀ ọ́ pọ̀, kò ní forí sọra, yóò kàn há ni. Mo ní bí ó bá há, ta ni ó ń há a? Ó wo ojú apárí, apárí wo bàtà rẹ̀.

Mo yọ àpótí kúrò lẹ́yìn táńkì, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ti ń fi àtùpà ojú irin pamọ́ sẹ́yìn omi. Mo kan pákó mọ́ òkè ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé e sókè gedegbe, mo ká aṣọ orí rẹ̀ kúrò. Ìyàwó ní eruku. Mo ní eruku kò yí ọkọ̀ ṣubú rí. Nọ́ńbà tí ó wà ní ọ̀ọ́dúnrún já wálẹ̀ sí ọgọ́rin lójú ẹsẹ̀, kí òrùka tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Ẹnu yà mí, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí wọ́n rí i. Mo ní kí ọmọ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà, nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹnu púpọ̀ bá ti jẹ kò lágbára mọ́, ohun tó sọ ọ̀nà di ojú ọjà náà nìyẹn. Lọ́sàn-án, màá yọ wáyà iná rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó sinmi. Wọ́n ní kì í rẹ ẹ̀rọ. Mo ní irọ́ ni, mo ti rí ẹ̀rọ tó ju ilé yìí lọ tí ó rẹ̀ ẹ́, tó dúró sáàárín igbó. Mo ní kí Tísà kọ àkókò olúkúlùkù sára ògiri: òwúrọ̀ fún onígbàjámọ̀, ọ̀sán fún ìyàwó àti ẹkún rẹ̀, agogo mẹ́rin sí márùn-ún fún ọmọ. Bí àkókò bá pé, màá fọn fèrè. Ìyẹn ni fèrè tí wọ́n fi sùn mí fún ọ.

Nọ́ńbà wálẹ̀ dé ọgbọ̀n. Ọmọ náà jáde wá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní Bàbá, ọgbọ̀n ni. Láàárín oṣù mẹ́fà, èyí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ fún mi tí n kò bi í.

Lẹ́yìn náà ni ó gbé ìwé kan wá fún mi. Tísà kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á gbọ́. Ẹgbẹ́ kan wà ní ìlú tí o wà níbẹ̀, tí wọ́n ń san owó oṣù fún ènìyàn láti máa gbá bọ́ọ̀lù inú ẹ̀rọ yìí. Mo ní ta ni ẹni tí orí rẹ̀ pé tí yóò san irú owó bẹ́ẹ̀? Tísà ní ohun tí ó wà nínú ìwé ni òun kà. Wọ́n ní kí ó bá àwọn tiwọn gbá á lẹ́ẹ̀mẹta, ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́ta, ní agogo mẹ́rin. Bí ó bá borí lẹ́ẹ̀mejì, wọn yóò gbà á síṣẹ́. Èkínní, ó fi góòlù mẹ́rin sí ẹyọ kan borí wọn. Mo wà lórí àga mi, mo gbọ́ ohùn kan nínú yàrá, n kò kọ́kọ́ mọ ohun tí ó jẹ́. Ẹ̀rín ni. Fèrè wà lẹ́nu mi, ó dún fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ni èkejì. Ó ti fi góòlù méjì sí ẹyọ kan ṣíwájú, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òrùka wà lápá rẹ̀. Fóònù ìyàwó àbúrò rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó wá bá mi, ó ní Bàbá, ọkọ mi ni, kì í pè ní irú àkókò yìí, ẹ jẹ́ kí n gbé e. O mọ̀ pé àbúrò rẹ wà ní òdìkejì ẹnubodè níbi tí ìpè lásán kò ti ń dé, orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ti ń rí ara wọn. Bí ó bá gbé e, nọ́ńbà á gòkè. Mo ní dúró. Ó ní bóyá nǹkan ṣe é. Mo ní kò sí nǹkan tí kò lè dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, fóònù ń dún lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún ní dúró.

Ìlẹ̀kùn yàrá ṣí. Ọmọ náà ti yọ nǹkan etí rẹ̀. Ó bọ́ òrùka lápá, ó fi sọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní ẹ gbé e, Ìyàwó wa. Ó wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan. Ó wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó kó orúnkún rẹ̀ mọ́ra. Nínú yàrá, àwọn ọmọkùnrin inú ẹ̀rọ rẹ̀ dúró bí igi, àwọn alátakò ń ju bọ́ọ̀lù sí wọn nílé. Góòlù márùn-ún.

Táyà ló fọ́ mọ́ àbúrò rẹ lójú ọ̀nà. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó fẹ́ mọ ibi tí ìyàwó rẹ̀ kó ìwé ọkọ̀ sí ni. Ìwé ọkọ̀! Mo yíjú sí ọmọ náà kí n sọ fún un pé ṣé o rí i, ṣé o rí ohun tí o tìtorí rẹ̀ sọ iṣẹ́ nù. Mo fi fèrè mi sápò dípò bẹ́ẹ̀.

Ìwọ kò sí nílé lọ́jọ́ tí ìyá yín kú, o kò sì mọ èyí. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ yìí ni wọ́n rán wá pè mí nídìí ojú irin. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, kò wọ bàtà. Ó ní Bàbá, Màmá ṣubú, wọn kò dìde. Ọkọ̀ kan ti wà lójú ọ̀nà, ó ń bọ̀, òrùka wà lọ́wọ́ awakọ̀ rẹ̀. Òmíràn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, igba ènìyàn ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń pariwo pé kí n jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Bí mo bá kúrò níbẹ̀, wọn yóò lọ ni. Mo ní kí ọmọ náà dúró. Ó dúró. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ bàjẹ́ sọ́nà, wákàtí kan àti ààbọ̀ ni ó fi pẹ́. Ọmọ náà kò sunkún, ó di etí aṣọ iṣẹ́ mi mú ni. Nígbà tí mo gba òrùka, tí mo nà án sí ekejì, a sáré. Ìyókù, o mọ̀ ọ́n. Ilé iṣẹ́ fún mi ní ìwé ẹ̀yẹ pé n kò fi ẹnu iṣẹ́ sílẹ̀ rí. Ó wà nínú àpótí aṣọ, eku kò jẹ ẹ́, ó mà ṣe o.

N kò sọ fún ọ pé mo ṣìṣe. Igba ènìyàn ni wọ́n. Bí ó bá di òní, màá tún dúró. Mò ń sọ fún ọ kí o lè mọ ohun tí ọmọ yẹn mọ̀ nípa dúró, kí o sì pa ẹnu rẹ mọ́ lórí géèmù ọmọdé.

Ìyàwó àbúrò rẹ ní ẹ̀tọ́ láti bínú sí mi, mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un: mo bá a tún ìlẹ̀kùn ilé ìdáná ṣe. Ìwọ ni kò ní ẹ̀tọ́ kan. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ní ó ń fà, owó ni o ní wàá fi kún un kí wọ́n fún wa ní ọ̀nà tó fẹ̀ jù. Mo yínmú. Bí o bá la ojú irin mẹ́wàá, tí àwọn apárí bá ń wọ̀ ọ́ láìnídìí, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni yóò há. Ẹ̀yin ará ìlú ńlá, ohun tí ẹ kò bá lè ṣọ́ ni ẹ máa ń ra ńlá rẹ̀.

Ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí. Ó ti borí lẹ́ẹ̀kan, ó ti pàdánù lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ náà ní kí n gbé òrùka jókòó. Mo ní báwo ni a ṣe máa ṣe é? Ó lọ bá onígbàjámọ̀, ó ní ẹ jọ̀ọ́, agogo mẹ́rin sí márùn-ún. Onígbàjámọ̀ ní kò sí wàhálà, òun á ti ṣọ́ọ̀bù, kódà òun á wá jókòó fi ọwọ́ pàtẹ́. Ó lọ bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn ní Eyínfúnjowó mi, kò tilẹ̀ yẹ kí o bẹ̀ mí. Ó parí. Ọgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọmọ kan fi ẹnu bẹ̀bẹ̀, ó sì rí i gbà. Ó dùn mí wọ eegun.

Ṣùgbọ́n n kò fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀bẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì mìíràn wà nílé Tísà. Èmi fúnra mi ni yóò gbé fóònù ìyàwó lọ síbẹ̀ kí agogo mẹ́rin tó lù, màá sì jókòó tì í. Bí àbúrò rẹ bá pè, orúnkún ìbáà já, màá sá lọ pe ìyàwó rẹ̀ wá. N kò ní gbọ́ bí eré náà ṣe ń lọ. Kò burú.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ kò pọ̀. Fi owó àpótí ránṣẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó dé. Tísà ní wáyà kan wà tí wọ́n ń fà láti ara àpótí lọ sí ara kọ̀ǹpútà, ó yá ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó bọ́gbọ́n mu, ọ̀nà tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kàn. Mo ti wọ̀n ọ́n, ìṣísẹ̀ mi mẹ́rìnlá ni, kí o sì fi gíga ìlẹ̀kùn kan kún un. Rà á, gbé e fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí ó mú ìwé yìí wá, ó ń padà lọ́la. Má ra èyí tó kúrú kí o wá sọ pé Bàbá, ẹ sún kọ̀ǹpútà súnmọ́ ọn. Kí o fi owó òògùn orúnkún mi sí i, èyí tí ojú rẹ kò ní pọ́n tí o bá ń yọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, palẹ̀ igun kan mọ́ nínú ilé rẹ. Bí ọmọ yìí bá borí, ọ̀dọ̀ rẹ ló ń bọ̀, owó oṣù ni wọ́n kọ sínú ìwé, wọn kò kọ yàrá. Má bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ìkíni rẹ̀ nìyẹn, dá a lóhùn. Yóò ku èmi, ìyàwó àbúrò rẹ àti onígbàjámọ̀ níbí, pẹ̀lú àpótí oníwo mẹ́rin tí n kò mọ ohun tí a ó máa fi í ṣe. Mo ti ṣí ọ̀nà fún ọkọ̀ púpọ̀ láyé mi, n kò wọ ọ̀kankan nínú wọn lọ síbì kan, ojú mi sì ti mọ́ èéfín ẹ̀yìn wọn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, má pe ilé yìí láàárín agogo mẹ́rin sí márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣe ọ, tàbí ìyàwó rẹ, tàbí ọ̀kan nínú àwọn tó ń lé eṣinṣin, nọ́ńbà Tísà wà nísàlẹ̀ ìwé yìí. Pè é. Ìbáà ṣe ìwé ọkọ̀ ni o ń wá, màá gbé e, n kò sì ní ní kí o dúró.

Ọlọ́run kò ní fi ohun tó jẹ́ tìrẹ há ojú ọ̀nà. Ẹni tí o bá ránṣẹ́ sí yóò wà nílé. Ẹsẹ̀ tí ó ń bọ̀ láti gbà ọ́ kò ní dé lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti tán. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ. Àtàǹpàkò mi ni mo tẹ̀ síbẹ̀ yẹn. Tísà ní tàdáwà náà ti pọ̀ jù, mo ní kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.